Orúkọ Tí N Kò Pè Nínú Ọgbà

Ẹ̀yin tí ẹ ó ka ọ̀rọ̀ yìí, ẹ fìdí kalẹ̀, nítorí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ènìyàn ń gbọ́ lórí ìdúró. Ọdún kẹrin rèé tí mo ti ń gbé e mì, bí ẹni tí egungun ẹja há lọ́fun tó ń fi òkèlè tì í. Bí mo bá jẹun, ó wà nínú oúnjẹ. Bí mo bá kírun, ó wà lórí ẹní níbi tí mo fi iwájú orí kàn. Lónìí ni mo fẹ́ pọ̀ ọ́ síta, kì í ṣe pé mo lágbára rẹ̀, bí kò ṣe pé ayé ọmọ ọlọ́mọ fẹ́ tipasẹ̀ rẹ̀ bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn àgbà ní bí ẹni tó ṣu bá gbàgbé, ẹni tó kó o kò ní gbàgbé. Èmi Àràmídé ni mo ṣu, Fadilah, ọmọ àbúrò ọkọ mi, ni mo gbé e lé lọ́wọ́ pé kí ó kó, síbẹ̀ èmi tí mo ṣu kò rí i gbàgbé. Ìyá ọkọ mi kú nínú ọgbà ìgbafẹ́ tó wà lẹ́yìn àdúgbò wa ní Súrùlérè. Gbogbo ẹbí ló gbà pé àìbìkítà Fadilah ló pa á. Irọ́ ni. Èmi ni.

Kí ẹ lè mọ ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀, mo kàwé. Mo gba oyè àkọ́kọ́, mo gba èkejì, mo gba ti ọ̀mọ̀wé lé e, mo sì kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga títí mo fi fẹ̀yìn tì. N kò sọ èyí láti fọ́nnu. Rárá, ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: mo ń fọ́nnu, nítorí ìfọ́nnu yìí gan-an ni gbòǹgbò ẹjọ́ mi. Mùktárù ọkọ mi jẹ́ ọmọ Muṣin àtijọ́, agboolé tí wọ́n ti ń kan àga tí wọ́n sì ń ran tìmùtìmù. Ìyá rẹ̀, Àlàájà, ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí Èkó nígbà ọmọge, ewé ló sì ń tà: ewé gbòdògì tí a fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín, ewé eéran tí a fi ń pọ́n ẹ̀kọ. Ewé yìí ló tà tí ọkọ mi fi di ẹnjiníà. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé gẹ́gẹ́ bí ìyàwó, tí ọbẹ̀ mi kò dùn, ó tọ́ ọ wò, ó ní, “Ìwé ò mọ iyọ̀, ọmọ mi,” gbogbo ilé sì rẹ́rìn-ín. Àwàdà ló fi ń fà mí mọ́ra. Ìgbà tí mo fi máa mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó ti wà nínú sàréè.

Nígbà tí ogbó dé, Àlàájà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣarán, ọkọ mi sì mú un wá sọ́dọ̀ wa. Iyọ̀ ọbẹ̀ ló kọ́kọ́ gbàgbé, lẹ́yìn náà ọ̀nà balùwẹ̀, lẹ́yìn náà ọmọ rẹ̀. Bí Mùktárù bá ti ibi iṣẹ́ dé tó dọ̀bálẹ̀, yóò wò ó lójú, yóò ní, “Ẹ dìde, ọ̀gá, ewé mélòó lẹ fẹ́?” Ọkọ mi á dìde, á wọ yàrá lọ, a kì í sì í tètè rí i kó jáde. Fadilah ló ń tọ́jú rẹ̀. Ọmọ Aneesah ni, àbúrò ọkọ mi obìnrin. Ó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán nígbà náà, òun ló ń wẹ màmá àgbà, òun ló ń bọ́ ọ, òun náà ló sì ń mú un lọ sínú ọgbà lẹ́yìn ìrun Àsárì. Igi pọ̀ nínú ọgbà náà bí igbó kékeré kan tí ìlú gbàgbé láti gé: fúrúùtù, máńgòrò, dóńgóyárò, igi ọ̀dán ńlá kan láàárín, àti ọparun tó ṣù mọ́ra wọn nísàlẹ̀ létí kòtò àgbàrá. Àwọn ènìyàn ń wá rìn níbẹ̀ kí ara wọn lè yá. Àlàájà ka gbogbo rẹ̀ sí oko. Yóò ṣa ewé fúrúùtù tó já sílẹ̀, yóò tò ó, èyí tó fẹ̀ lọ́tọ̀, èyí tó kéré lọ́tọ̀, yóò fi koríko dì í, yóò sì máa pe àwọn tó ń kọjá: “Ìyàwó, yà síbí, ewé òní tutù.” Àwọn tó mọ̀ ọ́n á dúró, wọ́n á máa ná an. “Màmá, ẹ fi èènì sí i.” Á ní, “Èènì ti wà nínú rẹ̀, ojú rẹ ni kò rí i.”

Ọjọ́ tí Fadilah bá pẹ́ níbi iṣẹ́ ni èmi máa ń mú un lọ. Ní ọjọ́ kan bẹ́ẹ̀, ó wọ àárín igi lọ, kò sì fẹ́ padà. Mo pe Màmá, kò yíjú. Mo pe Àlàájà, ó ń ṣa ewé rẹ̀ lọ bí ẹni pé ẹlòmíràn ni mo ń bá wí. Nígbà náà ni mo rántí oríkì rẹ̀, tí mo gbọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lẹ́nu arúgbó kan tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá kí i. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, kò sí ẹnikẹ́ni, mo sì rọra pè é: “Àwẹ̀ró.” Ẹ̀yin ènìyàn mi, obìnrin yìí ju ewé sílẹ̀, ó sáré tọ̀ mí wá lórí eékún tó ń dùn ún, ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ìyá mi, mo wà níbí, n kò lọ jìnnà.” Láti ọjọ́ náà ni mo ti di ìyá rẹ̀ nínú ọgbà. Ẹ mọ̀ pé ìyàwó ilé kì í pe ọmọdé tó bá nílé ọkọ lórúkọ, áḿbọ̀sì ìyá tó bí ọkọ. Aneesah tí mo dàgbà jù, Àǹtí ni mo ń pè é dòní. Gbogbo ẹni tó tó láti pe Àlàájà ní Àwẹ̀ró ti kú, arúgbó náà pẹ̀lú. Nínú ilé wa, Màmá ni, Àlàájà ni, Ìyá Mùktárù ni. Nítorí náà n kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Kí n má sì purọ́, ó dùn mọ́ mi. Ẹni tó ní ìwé kò mọ iyọ̀ ló ń kúnlẹ̀ níwájú mi yìí. Ó dùn mọ́ mi lọ́nà yẹn, ó sì tún dùn mọ́ mi lọ́nà mìíràn tí ojú ń tì mí láti sọ, nítorí bí ó bá gbé orí lé mi nítan lábẹ́ igi ọ̀dán, ilé kì í wù mí í lọ mọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tí mo ń sọ yìí, Fadilah ti wẹ̀ ẹ́, ó ti fún un lóúnjẹ, ó sì tẹ́ ẹ sórí ẹní kí ó lè sùn. Ó ti géètì, ó lọ fọ aṣọ lẹ́yìnkùlé. Àlàájà jí, ó dúró nídìí ilẹ̀kùn, ó ń sunkún pé oòrùn ń lọ, pé ewé òun yóò rọ. N kò pe Fadilah. Mo ní lọ́kàn mi pé kí ó máa bá aṣọ rẹ̀ lọ. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi ṣí géètì, ọwọ́ mi yìí ni mo fi fà á jáde. A kò tíì pẹ́ lórí àga lábẹ́ igi ọ̀dán nígbà tí mo rí Margaret Ògúntádé tó ń rìn bọ̀ nínú bàtà ìsáré funfun. Èmi àti obìnrin yìí la jọ du ipò olórí ẹ̀ka níbi iṣẹ́, òun ló sì gbà á mọ́ mi lọ́wọ́. “Àràmídé, ìwọ rèé?” ó ní. “Wọ́n ní o ti lọ bá àwọn ọmọ rẹ lókè òkun.” Mo ní, “Ìgbà wo? Mo wà nílé, mo ń gba atẹ́gùn.” Ó rẹ́rìn-ín. “Ó yẹ ọ́. Èmi, dókítà ló rán mi, ó ní kí n máa rìn kí ṣúgà tó rìn wọ ẹsẹ̀ mi.” Bí a ti ń sọ èyí ni Àlàájà na ìdì ewé kan síwájú. “Ìyá mi, oníbàárà dé,” ó ní. “Ẹ sọ fún wọn pé ó ku èyí tó fẹ̀.” Ìró rẹ̀ ti tutù nídìí, mo sì rí i pé Margaret ti rí i. “Ta ni wọ́n?” ó bi mí. “Ṣé ìwọ ni wọ́n ń pè ní ìyá wọn yẹn?” Mo ní, “N kò mọ̀ wọ́n. Mo kàn bá wọn lórí àga ni. Àwọn ènìyàn ìsinsìnyí ló burú, wọ́n á fi àgbàlagbà sílẹ̀ kó máa rìn kiri.” “Ayé ti bàjẹ́,” Margaret dá mi lóhùn, ó sì mi orí. Àlàájà gbé ìdì ewé náà kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ bá wí lójú àlejò. N kò mọ ohun tó gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ wa. Mo dìde, mo fi apá kọ́ apá Margaret, mo sìn ín dé ìdí ọkọ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà àbáwọlé. A dúró níbẹ̀, a ń sọ ta ló di kí ni, ta ló kọ́lé síbo, títí òjìji igi fi gùn. Nígbà tí mo padà, ewé nìkan ló wà lórí àga.

Mo wá a lábẹ́ igi, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kan ń gbá bọ́ọ̀lù nítòsí, n kò sì lè pe orúkọ náà lójú wọn. Mo ní bóyá ó ti rìn lọ sílé. Ní ẹnu géètì ni mo ti pàdé Fadilah, ọṣẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìborùn ti bọ́ lórí rẹ̀. “Àǹtí, mi ò rí Màmá,” ó ní. “Mo kàn lọ fọ aṣọ ni. Mo rò pé mo ti géètì, àbí mi ò tì í dáadáa? Ó wà ní ṣíṣí nígbà tí mo dé.” Ẹ gbọ́ mi yé níbí. N kò tíì la ẹnu rárá, kò sì bi mí níbi tí mo ti ń bọ̀. Ọmọ náà ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ di ẹrù mi, tó gbé e dé èjìká, tó wá ku kí n bá a gbé e rù. Mo sì bá a gbé e. Mo ní, “Géètì? Fadilah, o fi géètì sílẹ̀?” Ó sì bú sẹ́kún.

Kí oòrùn tó wọ̀, ọkọ mi ti dé, àwọn ará Muṣin ti dé, Aneesah ti dé. Fadilah ló ní kí a wá inú ọgbà, pé ibẹ̀ ni Màmá fẹ́ràn. Jude tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ṣí ọ̀nà fún wa. Ilẹ̀ ti ń ṣú lábẹ́ igi, wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń pè, “Àlàájà o. Màmá. Ìyá Mùktárù o.” Ohùn ọkọ mi ti há. Mo dúró tì í létí ọparun, mo sì gbọ́ ọ: ewé tí ẹnìkan ń rọra ya nínú òkùnkùn ọparun yẹn, bí Àlàájà ti máa ń ya igi àárín ewé kúrò kí ó tó ká a. Kò sí ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n ní ohùn. Atẹ́gùn ni wọ́n pè é bí wọ́n bá tilẹ̀ gbọ́ ọ. Jude ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má wọ ibẹ̀ yẹn o, ejò wà níbẹ̀. Màmá arúgbó, wọ́n ò lè wọbẹ̀.” Àwọn ọkùnrin sì yí iná wọn padà.

Mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Mo mọ ìdí tí kò fi dáhùn. Ọmọdé ni lọ́kàn ara rẹ̀. Àwọn ọkùnrin tí kò mọ̀ ń fi iná wá Àlàájà kan tí kò mọ̀, ó sì sá pamọ́ bí a ti ń kọ́ ọmọdé láti sá fún gbọ́mọgbọ́mọ. Orúkọ kan ló lè mú un jáde, ẹnì kan ló sì mọ̀ ọ́n. Mo la ẹnu. Ẹ wá wo ohun tó pa ẹnu náà dé. Àwọn ìyàwó ilé Muṣin dúró yí mi ká, àwọn tó ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé ìwé ń gùn mí, pé n kò ka ìyá wọn sí. Kí n wá pe ìyá ọkọ mi ní Àwẹ̀ró létí wọn, bí ẹni ń pe ọmọ ọ̀dọ̀? Bí ó bá jẹ́ ìyẹn nìkan, bóyá n bá fara dà á. Ṣùgbọ́n bí ó bá jáde, yóò kúnlẹ̀ fún mi, yóò ní, “Ìyá mi, ẹ fi mí sílẹ̀, ẹ bá obìnrin yẹn lọ.” Ẹni tó ń ṣarán kì í mọ irọ́ í pa. Ẹ̀rù ló bà mí, ẹ̀rù pé kí wọ́n rí i láàyè. Mo ti kọ gbólóhùn yìí, n kò ní pa á rẹ́. Mo ní n ó dọ́gbọ́n padà wá ní èmi nìkan, n ó pè é, n ó mú un wọlé, n ó ní mo pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà. Wọn yóò tilẹ̀ máa dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo sì pa ẹnu mi dé.

Òjò dé. Ọkọ mi gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ, àwọn obìnrin mú mi wọlé, wọ́n jókòó yí mi ká, wọ́n ń ṣìpẹ̀ fún mi. Gbólóhùn kan péré ni n bá sọ. N kò sọ ọ́, òjò náà kò sì dá. Lẹ́yìn ìrun Àsùbáà ni mo tó ráyè jáde. Mo dúró létí ọparun, mo wo ọ̀tún, mo wo òsì gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi, mo sì pè é. Mo tún pè é. Lẹ́yìn náà mo wá pariwo orúkọ náà bí ó ti yẹ kí n ṣe lánàá, àwọn ẹyẹ sì fò kúrò lórí igi. Ohùn mi ni Jude gbọ́ tó fi wá bá mi wọ ibẹ̀. Àlàájà jókòó, ó fẹ̀yìn ti ọparun, omi kòtò ti mù ún dé itan. Ara rẹ̀ ti tutù. Jude bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó fi bò ó, ó sì ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́, Mọ́mì. Ẹ gbìyànjú.”

A sin ín lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ní pálọ̀ wa, Aneesah gbá ọmọ rẹ̀ létí lójú gbogbo ẹbí, ó tún gbá a. “Géètì lásán, Fadilah,” ó ní. “Ìyá mi lo fi géètì lásán pa.” Ọmọ náà kò yẹ̀ ẹ́. Èmi ni mo dìde, mo ní kí wọ́n má lù ú mọ́, pé àmúwá Ọlọ́run ni, wọ́n sì ń yìn mí pé àánú mi pọ̀. Wọ́n fi í ránṣẹ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn tó ń bá a gbé níbẹ̀ ní kì í lè ti ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan kó sì sùn. Á tì í, á lọ dùbúlẹ̀, á dìde wá fọwọ́ kàn án, á tún dìde. Èmi ní tèmi, mo ń lọ jókòó nínú ọgbà náà ní ìrọ̀lẹ́, lábẹ́ igi ọ̀dán. Àwọn aládùúgbò ní mò ń ṣọ̀fọ̀ ìyá ọkọ mi, wọ́n á ní kí Ọlọ́run san án fún mi. Mo ń ṣe àmín.

Ní oṣù tó kọjá, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Quadri, oníṣẹ́ iná mànàmáná, ní òun fẹ́ fi Fadilah ṣaya. Ẹ mọ̀ pé ẹbí tó bá fẹ́ gbé ìyàwó gbọ́dọ̀ ṣe ìwádìí. Ìyá àgbà kan nínú ẹbí Quadri wá bá mi ní Súrùlérè, nítorí wọ́n sọ fún un pé èmi ni mo gbé ọmọ náà sọ́dọ̀. Ó mu omi tán, ó ní, “Ìyá Taoheed, ẹ̀yin lẹ kàwé, ẹ ò ní purọ́ fún wa. A gbọ́ pé ọmọ yìí fi géètì sílẹ̀ tí ìyá ìyá rẹ̀ fi sọnù kú. Ṣé ọwọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ la lè bímọ lé?” Mo fẹ́ sọ ohun tí mo ti ń sọ bọ̀, pé àmúwá Ọlọ́run ni. Kò jáde. Ojú obìnrin náà kò kúrò lára mi, mo sì rí i pé ohun tí mo bá wí níbẹ̀ ni yóò sọ bóyá Fadilah yóò ní ilé tirẹ̀ láyé. Mo ní kí ó padà wá ní ọjọ́ Àìkú. Mo ránṣẹ́ pe Fadilah àti ìyá rẹ̀, mo sì bẹ ọkọ mi pé kí ó má jáde.

Níwájú wọn ni mo ti sọ gbogbo ohun tí ẹ ti kà yìí, láti orí oríkì dé orí ọparun. Ọkọ mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. “O máa ń pè wọ́n,” ó ní, “wọ́n sì máa ń dá ọ lóhùn?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. “Gbogbo ìgbà tí mo ń dọ̀bálẹ̀, tí wọ́n ń pè mí ní ọ̀gá…” Ó mú fìlà rẹ̀, ó gba Muṣin lọ, ibẹ̀ ló sì wà títí di bí mo ti ń kọ èyí. Aneesah fẹ́ di ọmọ rẹ̀ mú, ṣùgbọ́n ọmọ náà rọra yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Fadilah kò sunkún. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí. “Àǹtí, ṣé mo ti géètì yẹn?” Mo ní, “O tì í.” Ó ní, “Dáadáa?” Mo ní, “O tì í dáadáa. Èmi ni mo ṣí i.” Ó mí kanlẹ̀, ìyá àgbà tó wá ṣe ìwádìí sì fà á mọ́ra. Obìnrin náà tún ìborùn rẹ̀ ṣe fún un, ó ní, “Ìyàwó wa, dìde, jẹ́ ká máa lọ.” Wọ́n jọ jáde. Fadilah kò kí mi pé ó dàbọ̀, n kò sì retí rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọbìnrin tí ẹ ń gba oyè lé oyè, ẹ máa gbà á, ó dára. Ṣùgbọ́n bí ìtìjú bá bá yín lójú àlejò, ẹ jẹ́ kí ó tì yín, kò ní pa yín. Èyí tí mo sá fún lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, kò ní ju kí Margaret lọ rò ó fún ẹnì kan tàbí ẹni méjì, kí wọ́n rẹ́rìn-ín, kí wọ́n sì gbàgbé. Fadilah, n kò ní kí o dárí jì mí lónìí, n kò tilẹ̀ ní kí o dá ọjọ́ fún mi. Bí ó bá di ọjọ́ kan tí ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn, mo wà nílé. Ẹ̀yin yòókù, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní sí yín. Ìtàn géètì náà ti rin Muṣin já, ó ti dé Ọ̀yìngbò, ó ti bá ọmọ náà dé Ògbómọ̀ṣọ́, ẹsẹ̀ èmi nìkan kò sì lè lé e bá. Bí ẹ bá ti sọ ọ́ nílé kan rí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ padà sí ilé náà. Ẹ ní Fadilah kọ́. Ẹ ní Àràmídé ni, ìyàwó Mùktárù, èyí tó kàwé.